Ìwé Dúró Ládipọ̀ Tó Ń Dá Awuyewuye Sílẹ̀ Nínú Ìjọ Wa

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò bá tó, kó fi í pamọ́ di alẹ́.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí fóònù wa kò sinmi nítorí ìwé kan ṣoṣo. Àwọn kan ní ká gbà á lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ kíákíá. Àwọn kan ní ká ra ogún ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin. Ẹnì kan tilẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ní aago méjìlá òru, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko, ó ń bínú. A ti gbọ́ tẹnu gbogbo yín. Ẹ jẹ́ káwa náà sọ tiwa.

Ìwé ọ̀hún ni ìtàn ìgbésí ayé Dúró Ládipọ̀. Rẹ̀mí Ràjí-Oyèládé, Ṣọlá Ọlọ́runyọ̀mí àti Abíọ́dún Dúró-Ládipọ̀, ìyàwó olóògbé fúnra rẹ̀, ni wọ́n jọ kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Duro Ladipo: Thunder-God on Stage ni àkọlé rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó máa ń kàwé pọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló mú un. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Wọ́n ní gbogbo ìtàn ayé olórin tí àwọn ti ń kà bọ̀, ti òyìnbó ni, àwọn sì fẹ́ ka ti ọmọ Òṣogbo.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré, ẹ lè má mọ̀ ọ́n, torí ó ti kú láti 1978. Ẹni tó bá ní òṣèré ni, kò parọ́, àmọ́ kò tíì sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń ṣẹ̀dá orin ni. Ọba Kò So tó gbé jáde ní 1963, orin ni, ìlù ni, oríkì ni, ijó ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú rẹ̀ làwọn òyìnbó ń pè ní ọ́pẹ́rà. Ó gbé e lọ sí Berlin ní 1964, ó gbé e lọ sí ìlú ọba ní 1965. Láti Òṣogbo yìí ni o!

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jà wá lójú kì í ṣe Berlin. Ọmọ katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni ọkùnrin yìí. Tíṣà ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ kọ orin fún. Ní 1961, ó ṣe kàntátà Àjíǹde fún ìjọ Áńgílíkà kan níbí ní Òṣogbo, ó sì kó ìlù bàtá wọ inú rẹ̀. Ariwo ta. Àwọn tó lágbára nínú ìjọ ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dún nílé Ọlọ́run. Bí ọkùnrin náà ṣe wá ibòmíràn gbé orin rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ibi yìí làwọn ará wa ti pín sí ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún.

Ìyá wa kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún dìde nípàdé. Ó ní, “Pásítọ̀, ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ pé iná máa ń yọ lẹ́nu ọkùnrin yẹn tó bá ń ṣe Ṣàngó? Ìwé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ń wọ ilé Ọlọ́run?” Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ilé tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó ni wọ́n bí màmá yìí sí. Lọ́jọ́ tó gba Jésù, ẹrù rẹ̀ ni wọ́n kó síta fún un. Bàtá tí ẹ̀yin ń pè ní àṣà, ní etí tiwọn, ìró ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn ni. Lóṣù August tí gbogbo ìlú bá kún fún èrò ọdún Ọ̀ṣun, tí ẹ̀yin ń ya fọ́tò kiri, inú yàrá ni màmá máa ń wà, wọ́n á máa gbàdúrà. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú nǹkan, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní bá yín bú àwọn àgbà ìjọ tó kọ bàtá ní 1961. Irú ohun tó wà lọ́kàn màmá yìí lè wà lọ́kàn tiwọn náà. Ó rọrùn fún wa láti gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, nígbà tí gángan ti ń dún lórí pẹpẹ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò sẹ́ni tó bìkítà.

Àmọ́ ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Ta ló pín ohun èlò orin sí mímọ́ àti àìmọ́? Dùùrù tí àwọn àgbà yẹn ń fi kọrin, ṣé ẹ mọ̀ pé nínú pápá tí àwọn ará Róòmù ti ń wo ìjà àjàkú ni wọ́n ti ń tẹ irú rẹ̀ láyé àtijọ́? Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló gbà kó tó di ọmọ ilé nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ sì lọ ka Orin Dáfídì orí 150 lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wo oríṣi ohun èlò tó wà níbẹ̀, ti fífọn, ti títa, ti lílù. Kò sí dùùrù Ìgbìmọ̀ Míṣọ́nnárì níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa tó kọ́ orin ní fásítì ló wá mú ìtàn kan láti Rọ́ṣíà wá, tó jọ eléyìí tí ẹnu fi yà wá. Ẹ ti lè gbọ́ orúkọ Tchaikovsky, ẹni tó ṣe orin Swan Lake. Ní 1878, ọkùnrin yìí ṣe orin fún ìsìn Oúnjẹ Olúwa ti ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì wọn. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Rọ́ṣíà kì í lo ohun èlò orin kankan nínú ìsìn, ohùn ènìyàn nìkan ni. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù. Ìyẹn ni pé dùùrù tí wọ́n torí ẹ̀ lé bàtá síta ní Òṣogbo, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé rárá ní Moscow! Tchaikovsky pa òfin yẹn mọ́, ohùn nìkan ló kọ ọ́ fún. Síbẹ̀ wọ́n kọ̀ ọ́. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ààfin ọba, tí àṣẹ orin ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ní òun kò fọwọ́ sí i, wọ́n sì lọ kó ìwé orin náà nílé ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́, Jurgenson lorúkọ rẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, ó sì borí. Nígbà tí wọ́n wá kọ orin náà ní Moscow ní 1880, àlùfáà àgbà kan tún kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé kò bójú mu.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ṣí. Ọba Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ rọ Tchaikovsky ní 1884 pé kó ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì ṣe é. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní 1915, Rachmaninoff gbé orin ìṣọ́ òru jáde, tí wọ́n ṣì ń kọ káàkiri ayé títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣọ́ òru, ẹ wá a gbọ́ lórí YouTube, kí ẹ rí bí ènìyàn ṣe lè fi gbogbo òru yin Ọlọ́run láìsí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀magbèsì.

Tchaikovsky rí kóòtù. Ládipọ̀ kò rí. Ohun tó rí ni ilé ọtí tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Popular Bar, àti òyìnbó méjì, Ulli Beier àti Susanne Wenger. Ilé ọtí yẹn ni wọ́n sọ di Mbari Mbayo ní 1962. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari, àwọn ará Òṣogbo ló fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, pé bí àwọn bá rí i, àwọn á yọ̀. Ọlọgbọ́n lará Òṣogbo, ẹ ò rí i bí?

Ẹ wá jẹ́ ká ka oṣù o, torí ohun tí ọ̀pọ̀ yín fò kọjá nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àjíǹde 1961 ni ìjà kàntátà. Kérésìmesì ọdún 1961 kan náà, ní Mbari ti Ìbàdàn, kí ni Ládipọ̀ gbé síwájú èrò? Orin Kérésìmesì ni! Orin ìbí Jésù. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Jésù ló ṣì ń kọrin nípa rẹ̀. Ìgbà tó di March 1962 tí wọ́n ṣí Mbari Mbayo ló gbé Ọba Mórò jáde, ìtàn ọba Ọ̀yọ́. Ọba Kò So tẹ̀lé e lọ́dún kejì. Láàárín Àjíǹde yẹn sí ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yí sí ọ̀nà mìíràn, kò pé ọdún kan. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ojú ọ̀nà ilé ló ṣì wà. Ṣé ẹnì kan lọ bá a? Ṣé ẹnì kan sọ fún un pé, “Bọ̀dá, bàtá yẹn le díẹ̀ fún àwọn àgbà, ẹ jẹ́ ká fi dùndún bẹ̀rẹ̀”? Ìbéèrè tó gbà wá lóorun nìyẹn, ju ọ̀rọ̀ iná ẹnu lọ.

Nínú Ẹ́kísódù, orí 32, àwọn ènìyàn bọ́ yẹtí wúrà tó wà létí wọn, wọ́n fi ṣe ọmọ màlúù. Orí 35, àwọn ènìyàn kan náà tún mú wúrà wá, ti àgọ́ Olúwa ni lọ́tẹ̀ yìí. Besaleli wà níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe, Ọlọ́run sì ti fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún un fún iṣẹ́ ọwọ́. Wúrà kò yí padà. Ẹni tó ń gbà á àti ohun tí wọ́n ń kọ́ ló yí padà. Bí ẹ kò bá ní àgọ́ tí ẹ ń kọ́, ẹ má yà á lẹ́nu bí wúrà ọmọ yín bá di màlúù lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Arákùnrin wa kan tó jẹ́ ọmọ Iléṣà ti sáré gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ wa lẹ́nu. Ó ní àwọn Áńgílíkà ló fà á pátápátá, pé tó bá ṣe pé ọ̀dọ̀ àwọn Aládùúrà ni Ládipọ̀ wà, kò ní ṣẹlẹ̀. Ó gbé wa lọ sí Òkè Òóyè, sí ìsọjí tí Ọlọ́run fi Àpósítélì Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní 1930. Ìjẹ̀ṣà kì í sọ̀rọ̀ kó má dé Òkè Òóyè, ẹ jẹ́ ká fún wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó sọ. Ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́ta ló ní kí Hubert Ogunde ṣe eré olórin lórí ọgbà Édẹ́nì, kí wọ́n fi kówó jọ fún ìjọ. Ibẹ̀ ni orúkọ Ogunde ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ìjọ kan mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n a kò bá a dé òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ti Ládipọ̀ lọ sí ìdí ìtàn Ṣàngó. Àgbàlagbà ni, ó mọ ohun tó ń ṣe, ó fẹ́ràn oríkì àti ìtàn ilẹ̀ baba rẹ̀, ó sì wá a lọ. Ìtàn àwọn ọba Ọ̀yọ́ yẹn gan-an, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ni Samuel Johnson tó kọ ọ́ sínú ìwé, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Kò sẹ́ni tó ní Àlùfáà Johnson di abọ̀rìṣà. Ẹni tó bá ń ṣe eré ọba, kò di ọba. Bóyá eré Ṣàngó wulẹ̀ jẹ́ eré, tàbí ó wọ inú ọkàn lọ, àwa kọ́ ni adájọ́ ọkàn olóògbé. Ohun tí a mọ̀ ni pé lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó tún mú eré Everyman, eré àwọn onígbàgbọ́ òyìnbó nípa ẹni tí ikú wá pè láti lọ jíhìn níwájú Ọlọ́run, ó sọ ọ́ di Yorùbá, ó pè é ní Ẹ̀dá. A kò fi ìyẹn gbé e wọ ọ̀run, a kò sì ní fi bàtá gbé e jù sí ibòmíràn.

Arábìnrin kan ní òun kò lè gba ìwé náà gbọ́ torí ìyàwó wà nínú àwọn tó kọ ọ́. Ó ní ìyàwó wo ló máa sọ àbùkù ọkọ rẹ̀ síta? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Modest, àbúrò Tchaikovsky, náà ló kọ ìtàn ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn òǹkàwé sì ti ń wá ohun tó fò láti ìgbà náà. Àmọ́ ìyàwó yìí kì í ṣe ìyàwó tó jókòó sílé o. Òun ló ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, ó wà lórí ìtàgé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó wà lẹ́yìn ọdún tí owó kò sí. Ta lẹ fẹ́ kó tún jẹ́rìí? Ẹ kà á, kí ẹ sì mọ̀ pé aya ẹni ló ń sọ̀rọ̀. Ulli Beier náà ti kọ ìwé tirẹ̀ nípa eré Ládipọ̀ ní 1994, The Return of Shango. Ẹ fi èkíní wo èkejì.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú ni pé ẹ̀rí ọjọ́ ìsinmi ti mọ́ wa lára jù. Ìṣẹ́jú márùn-ún, wàhálà, àdúrà, ìṣẹ́gun, ẹ bá mi yin Olúwa. Ìtàn ayé ènìyàn kì í rìn bẹ́ẹ̀. Dáfídì tí ẹ ń kọ orin rẹ̀, Bíbélì kò fi ọ̀rọ̀ Bátíṣébà pamọ́ fún un, kò sì tìtorí Bátíṣébà yọ orin rẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá lè ka ti Dáfídì tán láìbínú, ẹ ní agbára àtika ti Ládipọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, èyí tó dùn wá jù, ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa ló sọ ọ́. Kò sọ̀rọ̀ títí ìpàdé fi fẹ́ parí. Ó kàn ní, “Pásítọ̀, ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń san fún èèyàn ní hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ Saturday?” Ilé pa lọ́lọ́.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, gbogbo ìjọ tó wà ní Òṣogbo, kì í ṣe ti ẹnì kan. Tí olórin ẹ̀mí bá ti Èkó wá, a ó san owó ọkọ̀, a ó san owó hòtẹ́ẹ̀lì, a ó fi àpòòwé lé e lọ́wọ́, a ó tẹ fọ́tò rẹ̀ sára báńà ńlá ní Ọláìyá. Ọmọ tiwa tó jókòó oṣù mẹ́ta tó kọ orin tuntun, “Ọlọ́run á bù kún ẹ” la máa ń sọ fún un. Àmín ni o. Àmọ́ gàrí kì í gba àmín lọ́jà. Ẹni tó kọ orin, orúkọ rẹ̀ kì í sí nínú ìwé ètò ìsìn, ti alága ọjọ́ náà ló máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè. Lóde òní, a kò nílò àtilé bàtá síta kí Ládipọ̀ mìíràn tó lọ. Ebi àti àìkàsí á lé e fún wa.

Torí náà, ohun tí àwa àti àwọn àgbà ìjọ fẹnu kò sí lálẹ́ Tuesday nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má lọ gbọ́ ọ lódì.

Kàntátà Àjíǹde tí àwọn ọ̀dọ́ kọ, tí ọ̀rọ̀ bàtá tó wà nínú rẹ̀ dá gbogbo èyí sílẹ̀, a máa kọ ọ́ nínú ìjọ. A ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Jésù ni, àgbélébùú ni, ibojì òfìfo ni. Ibi kan wà tí wọ́n ti fi oríkì kan sí i tó jẹ́ ti òrìṣà látilẹ̀wá. A ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì ti yọ ọ́. Ìlù lè yí olówó padà, àmọ́ oríkì mọ ẹni tó ń pè. Ibi tí ààlà wa wà nìyẹn, a kò sì ní sún un fún ẹnikẹ́ni.

Bàtá máa dún níbi òkúta ibojì yíyí nìkan, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún ìyá wọn.

Ẹni tó kọ orin náà máa gba owó, ìgbìmọ̀ ìnáwó ti fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ máa wà lójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ètò, ṣáájú tiwa. Ọmọ méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàtá lọ́dọ̀ onílù kan nínú ìlú yìí. Mùsùlùmí ni baba náà, a sọ ọ́ kí ẹ má baà lọ gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n lọ kọ́, ìjọ ló ń san owó ẹ̀kọ́.

Ìwé Ládipọ̀ ṣì máa wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọn ò tíì kà á tán.

A lọ kí màmá nílé lánàá. A ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní àwọn á wá, àmọ́ ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni kí a gbé àga àwọn sí, kí a sì ní kí ẹnì kan wá sọ fún àwọn tó bá ku díẹ̀ kí ìlù yẹn bẹ̀rẹ̀. A ti yan ọmọ tó máa sọ fún wọn. Ìgbaradì bẹ̀rẹ̀ ní Saturday, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tẹnọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé.